Florida Keys lẹ́yìn ooru 2023: ṣé iyùn ṣì kù tí a lè lọ wò lábẹ́ omi?

Àdùkẹ́_ATL béèrè:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. A fẹ́ wa ọkọ̀ láti Atlanta lọ sí Florida Keys, àwọn erékùṣù tó wà ní ìsàlẹ̀ Florida, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ méjì. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 9, èkejì jẹ́ 13. Snorkel la fẹ́ ṣe: ká dojú bolẹ̀ lórí omi, ká fi ihò ìmí sẹ́nu, ká máa wo iyùn àti ẹja. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń kà kò bára mu. Àwọn kan ní gbogbo iyùn ibẹ̀ ló kú nínú ooru 2023, àwọn mìíràn ní ó ti ń sàn. Èwo ni ká gbà? Ṣé ohun tó yẹ kí ọmọdé rí ṣì wà níbẹ̀? Oṣù wo ló dára, òkìtì iyùn (reef) wo ni ká lọ, kí sì ni ká mú dání?

Ọ̀rọ̀ irun tún wà ńlẹ̀. Irun dídì ni tèmi àti ti ọmọbìnrin mi. Wọ́n ní máàsìkì kì í dúró lórí rẹ̀, omi á sì máa wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ_Etíkun dáhùn:

Ẹ kú ojúmọ́, ìyá wa. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Kì í kàn án ṣe iyùn kan náà ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ẹranko ni iyùn. Inú ẹran ara rẹ̀ ni àwọn ewé omi kan ń gbé, wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Àwọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún un, ó lè tó ìdá 90 nínú 100 ohun tí iyùn ń jẹ. Ara wọn náà ni àwọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Bí omi bá fi nǹkan bíi 1°C gbóná ju bó ṣe máa ń rí ní oṣù tó gbóná jù lọ́dún, tó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ewé yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú májèlé sí i lára, iyùn á sì lé wọn jáde. Ẹran ara tó kù á mọ́ gaara, egungun abẹ́ rẹ̀ á wá hàn funfun báláú. Kò tíì kú nígbà yẹn o. Ebi ló ń pa á. Bí omi bá tètè tutù, ewé á padà wọlé, àwọ̀ á sì padà láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Bí ooru bá pẹ́, ebi á pa á kú.

NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́, ní bí wọ́n ṣe ń ṣírò ooru yìí. Àléékún 1°C fún ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ oókan, wọ́n á sì máa rò ó pọ̀. Bó bá pé 4, iyùn á máa funfun. Bó bá pé 8, ọ̀pọ̀ á máa kú. Ní 2023, ó kọjá 15 ní ọ̀pọ̀ ibi ní Keys. Ohun tó tún burú ni pé oṣù Keje ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé August sí September ni omi ibẹ̀ máa ń gbóná jù. Ooru wá gùn ju èyí tí iyùn lè fara dà lọ. (38.4°C tí ìròyìn gbé káàkiri nígbà náà, inú Manatee Bay ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ọ̀sà tí kò jìn tí omi rẹ̀ sì dúdú ni. Òkìtì iyùn tó wà lójú òkun kò gbóná tó bẹ́ẹ̀.)

Àwọn tó kú ni àwọn ẹlẹ́ka: staghorn tí ẹ̀ka rẹ̀ tín-ín-rín tó sì yọ ṣóńṣó, àti elkhorn tí ẹ̀ka rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ. Ìwádìí tó jáde ní 2025 fi hàn pé ní Keys àti Dry Tortugas (àwọn erékùṣù kéékèèké tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Keys), ìdá 98 sí 100 nínú 100 wọn ló kú. Ní etí òkun Miami sókè, níbi tí omi ti tutù díẹ̀, nǹkan bí 38 nínú 100 ló kú. Àwọn onímọ̀ sọ pé wọn kò sí mọ́ ní ti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò ku ẹyọ kan. Àwọn tó kù ló jìnnà síra débi pé ẹyin àti àtọ̀ wọn kò lè pàdé nínú omi, wọn kò sì lè máa kọ́ òkìtì bíi ti tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó ń sàn ni àwọn onírìbìtì, tó rí bí àpáta: star coral, brain coral, starlet, mustard hill. Àwọn náà funfun ní 2023. Ní Cheeca Rocks lẹ́bàá Islamorada, gbogbo iyùn tí wọ́n yẹ̀ wò ló funfun. Ṣùgbọ́n ẹran ara wọn nípọn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì padà gba àwọ̀. Àwọn mìíràn kú lápá kan, apá kejì sì yè. Nítorí náà, ẹ má retí igbó ẹlẹ́ka tó wà nínú àwòrán àtijọ́. Ẹ óò rí òkìtì òkúta tí iyùn ribiti wà lórí rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, abẹ̀bẹ̀ òkun (sea fan) aláwọ̀ àlùkò tó ń fì síwá sẹ́yìn, ewé òkun tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àti ẹja rẹpẹtẹ. Ẹja gan-an ni àwọn ọmọ máa ń rántí.

Ojú_Olókun dáhùn:

Mo fara mọ́ ohun tí Ọmọ_Etíkun sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi bí ẹ óò ṣe mọ ohun tí ẹ ń wò kún un, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rí funfun tí wọ́n á ní “ó ti kú”, tí wọ́n sì ń rí òkú ńlá tí wọ́n á ní “ẹ wo bó ṣe lẹ́wà”.

Iyùn tó kàn funfun: ẹ súnmọ́ ọn níwọ̀n apá kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ojú rẹ̀ á máa dán díẹ̀ bí ohun tí omi ara bò. Ẹ óò rí àwọn ẹnu wẹ́wẹ́ rẹ̀, bí ìka tó mọ́ gaara tó yọ díẹ̀ láti inú ihò kọ̀ọ̀kan. Òkè rẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń pa á ló máa ń kọ́kọ́ funfun, abẹ́ òjìji á ṣì ní àwọ̀. Àwọn kan kì í funfun tán, wọ́n á rí bí búlúù tàbí pínǹkì tó ń tàn. Ìyẹn náà ń jìyà.

Iyùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú: funfun ni, ṣùgbọ́n kò dán. Etí ihò rẹ̀ mú ṣáṣá, kò sí ohunkóhun nínú ihò náà. Kò ní pẹ́ rárá tí ewé wẹ́wẹ́ á fi bò ó, tí á dà bí aṣọ tó ti pọ́n. Bó bá ti tó oṣù mélòó kan, á di eérú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀, ewé á ti gùn lórí rẹ̀. Staghorn tó kú á ṣẹ́ lulẹ̀, ilẹ̀ á kún fún èérún bí igi ìdáná tó fọ́nká. Èyí ni ẹ óò rí púpọ̀ ní Keys.

Àrùn yàtọ̀ sí ooru. Láti 2014 ni àrùn kan tí wọ́n ń pè ní stony coral tissue loss disease ti ń jẹ iyùn Florida, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Miami. Tirẹ̀, ẹ óò rí àbàwọ́n funfun tí ààlà rẹ̀ gé régé, tí ẹran ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ dáadáa. Ooru máa ń funfun díẹ̀díẹ̀ láìní ààlà. Bí ẹ bá sì rí àmì méjì-méjì kéékèèké bí ìgbà tí èékánná ha ògiri, eyín parrotfish nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀, iṣẹ́ rere ló ń ṣe: ó ń há ewé kúrò kí ọmọ iyùn lè ríbi bà lé.

Mote Marine Laboratory ní ètò kan tó ń jẹ́ BleachWatch tí ẹnikẹ́ni lè fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí. Ọjọ́, orúkọ òkìtì, bí omi ti jìn tó, irú iyùn, bóyá díẹ̀ tàbí púpọ̀ ló funfun. Kódà bí ẹ kò bá rí èyí tó funfun, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, nítorí “kò sí” náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 13 á ṣe é dáadáa.

Akọ́nilúwẹ̀ẹ́ dáhùn:

Ẹ kú ìmúra, ìyá ọmọ. Ọ̀rọ̀ irun yín kò le.

Okùn máàsìkì gbọ́dọ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́yìn orí, lókè etí díẹ̀. Ohun tó ń da nǹkan rú ni kí ìdìpọ̀ irun wà níbi tí okùn fẹ́ jókòó, okùn á yọ̀ sókè tàbí sílẹ̀, máàsìkì á sì gbé ẹnu sókè. Kòlẹ́sẹ̀ ló dára jù. Ṣùkú náà dára, torí okùn á gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ àtàṣì gígùn ni, ẹ so ó mọ́ ìpàkọ́ nísàlẹ̀ gan-an, kí okùn wà lókè ibi tí ẹ so ó. Ẹ ra okùn onírọ́bà fífẹ̀, kò ní fa irun tu. Kí ẹ rí i pé irun etí àti irun iwájú kò wọ abẹ́ etí máàsìkì, irun kan ṣoṣo tó fún omi láti gbà wọlé. Fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ wúlò fún ọmọ. Fún bàbá wọn, kó fá irunmú rẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ imú.

Kí ẹ tó ra máàsìkì: ẹ gbé e lé ojú láìfi okùn, ẹ fi imú fa èémí díẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ojú tí kò jábọ́, ó bá yín mu. Gíláàsì tuntun ní ohun kan lára tí á máa jẹ́ kó kuku: ẹ fi ọṣẹ ìfọyín funfun fọ inú rẹ̀, ẹ fi ìka ra á dáadáa, ẹ ṣan án, kí ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ kán ẹ̀kán ọṣẹ orí ọmọ ọwọ́ kan sí i, ẹ fi omi ṣan án fẹ́rẹ́.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ nínú pool ṣáájú. Kí wọ́n mọ bí a ṣe ń fẹ́ omi jáde kúrò nínú ihò ìmí lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú agbára, àti bí a ṣe ń mí díẹ̀díẹ̀ láìsáré. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré mí, ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ tú ohun ẹnu rẹ̀, ó di orí ọkọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì ìlẹ́fòó ni kí ọmọ ọdún 9 wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 tó nínú omi kó tó sinmi. Àgbà kan sí ọmọ kan, ẹ má jẹ́ kó jìnnà ju ibi tí ọwọ́ yín lè nà dé. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé máa mí sínú sóde kíákíá kó tó rì sísàlẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí èèyàn dákú lábẹ́ omi láìní ìkìlọ̀.

Ìpara oòrùn: aṣọ apá gígùn tó bá omi mu ló yẹ kó ṣáájú, torí ẹ̀yìn àti ọrùn ni oòrùn ń pa jù, ara dúdú náà ń jó. Ibi tí aṣọ kò bò, bí ojú àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ẹ fi ìpara tó jẹ́ zinc oxide pa á ní ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó wọ omi. Aṣọ yìí á dín ìpara tó ń ṣàn sínú omi kù.

Ohun tó máa ń bà iyùn jẹ́ jù lọ́wọ́ àlejò ni ẹsẹ̀. Nígbà tí omi bá wọ máàsìkì, ènìyàn á fẹ́ dìde dúró, iyùn ló sì máa ń tẹ̀. Ẹ kọ́ wọn pé: omi wọlé, yí sẹ́yìn, lẹ́fòó, tú u dànù. Ní àwọn ibi tí ìjọba pa lé lábẹ́ ààbò ní Keys, òfin kò gbà kí a fọwọ́ kan iyùn tàbí dúró lé e, ì báà jẹ́ òkú rẹ̀. Fire coral tún wà níbẹ̀, ó pupa rúsúrúsú bí músítádì, orí rẹ̀ funfun. Kì í ṣe àrùn ló sọ orí rẹ̀ di funfun, bó ṣe rí nìyẹn, ó sì ń jó ni bí èèsìsì. Bó bá kan ọmọ, ẹ fi omi òkun ṣan án, lẹ́yìn náà ẹ da fínígà sí i. Ẹ má lo omi mímu, ẹ má sì ra á.

Atukọ̀_Keys dáhùn:

Oṣù: ìparí April sí ìparí June ni mo máa ń sọ fún àwọn tó ní ọmọ. Atẹ́gùn rọ̀, omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ooru burúkú kò tíì dé. December sí March, òtútù láti àríwá máa ń ru omi sókè, ó sì lè lọ sílẹ̀ dé bíi 22 tàbí 23°C, ọmọdé á gbọ̀n. August sí October ni iyùn máa ń funfun, ó sì tún jẹ́ àárín àsìkò ìjì líle, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní 1 June tó sì ń parí ní 30 November. Ẹ má sanwó tí wọn kò ní dá padà bí ojú ọjọ́ bá burú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé yín, torí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu: kò sí òkìtì iyùn gidi tí èèyàn lè rìn wọ̀ láti etíkun Key Largo. Máìlì mélòó kan sínú òkun ni wọ́n wà, ọkọ̀ á sì lò tó ìdajì wákàtí. John Pennekamp Coral Reef State Park, ní mile marker 102.5 (àmì máìlì ojú ọ̀nà Keys), ní ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ. Ìgbà tí ẹ bá ń dúró, Cannon Beach tó wà nínú ọgbà náà dára láti dán máàsìkì wò. Wọ́n to àwókù ọkọ̀ Spéìn àtijọ́ sábẹ́ omi níbẹ̀, bíi 100 ẹsẹ̀ bàtà sí etí omi.

Fún ọmọ ọdún 9, Grecian Rocks ni kí ẹ béèrè fún. Ẹ̀yìn òkìtì náà kò jìn, òkìtì fúnra rẹ̀ sì ń gba ìgbì dúró. Key Largo Dry Rocks ni ère Christ of the Abyss wà láti 1965, nínú omi bíi 25 ẹsẹ̀ bàtà, ọmọ ọdún 13 á fẹ́ràn rẹ̀. Ibẹ̀ máa ń há fún ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Sombrero Reef níwájú Marathon, tí ilé iná 1858 wà lórí rẹ̀, àti Looe Key níwájú Big Pine Key, ẹja wọn pọ̀ gan-an. Wọn kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹja kò fi bẹ̀rù èèyàn. Ẹja yellowtail á yí ọkọ̀ ká, kúta á dúró sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ilé. Kúta kò ní ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ ṣá bọ́ ẹ̀gbà àti òrùka tó ń dán sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ wo ìròyìn ojú òkun NOAA fún òkìtì àti Hawk Channel, omi tó wà láàárín erékùṣù àti òkìtì. Bí atẹ́gùn bá wà lábẹ́ 10 knots (ìwọ̀n bó ṣe ń yára sí), ó dára. 10 sí 15, àgbà lè lọ. Ó kọjá 15, ẹ gbé ọmọ lọ ibòmíràn. Omi á rú, ẹ kò ní rí nǹkan kan, èébì á sì bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ yá ọkọ̀ fúnra yín: ẹ so mọ́ buoy (ohun ìsokọ̀ tó ń lẹ́fòó) funfun tó ní ìlà búlúù, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Ẹ má ju ìdákọ̀ró sórí iyùn. Àsíá pupa tó ní ìlà funfun gbọ́dọ̀ wà lókè ọkọ̀ nígbà tí èèyàn bá wà nínú omi, kó má kéré sí 20 inches ní ẹ̀gbẹ́ kan, 24 inches ní èkejì, kí ẹ sì wà láàárín 300 ẹsẹ̀ bàtà sí i lójú òkun gbalasa. Ká sòótọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọmọ, ẹ bá ọkọ̀ tí wọ́n ń wà fún àlejò lọ.

Àdùkẹ́_ATL:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ojú mi ti là. Ìbéèrè kan ló kù: àwọn iyùn tí wọ́n ń gbìn ńkọ́? Ọmọ mi ń béèrè bóyá nígbà tó bá dàgbà, ibẹ̀ á ti padà bó ṣe wà. Kí ni kí n sọ fún un?

Ọmọ_Etíkun dáhùn:

Ẹ sọ òótọ́ fún un, òótọ́ náà kì í ṣe òkùnkùn biribiri.

Bí wọ́n ṣe ń gbìn ín: wọ́n á gé ẹ̀ka kéékèèké, wọ́n á so wọ́n rọ̀ sórí igi oníke lábẹ́ òkun fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà wọ́n á fi símẹ́ńtì tàbí gọ́ọ̀mù lílágbára lẹ̀ wọ́n mọ́ òkúta. Ti onírìbìtì, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́ bí èékánná, wọ́n á gbìn wọ́n súnmọ́ra, wọ́n á sì hù pọ̀ di ọ̀kan. Ọgbọ́n yìí yára gan-an, torí onírìbìtì tó bá dá dàgbà kì í ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ lọ́dún. Staghorn lè fi 10 sí 20 sẹ̀ǹtímítà gùn lọ́dún.

NOAA bẹ̀rẹ̀ Mission: Iconic Reefs ní 2019 láti tún òkìtì 7 ṣe. Ooru 2023 kọlù wọ́n gidigidi. Nígbà tí wọ́n yẹ 5 nínú wọn wò lẹ́yìn rẹ̀, staghorn tó ṣì yè nínú nǹkan bí 1,500 kò tó ìdá 22 nínú 100. Elkhorn tí wọ́n gbìn kò sì yè níbì kankan àfi Carysfort àti Horseshoe, tó wà lápá àríwá jù. Ṣùgbọ́n kí ooru tó pa gbogbo wọn, wọ́n ti kó iyùn tó lé ní 5,000 lọ sínú àgbá omi tútù ní Keys Marine Laboratory ní Long Key. Irú-ọmọ wọn kò run.

Ohun tó yí padà báyìí ni pé wọn kò kàn ń gbìn èyí tó wà lọ́wọ́ mọ́. Irú èyí tó lè fara da ooru ni wọ́n ń wá. Ní 2025, wọ́n gbin elkhorn sí etí òkun Miami tó jẹ́ pé òbí rẹ̀ kan wá láti Florida, èkejì láti Tela ní Honduras, níbi tí omi ti gbóná jù. Mote náà ń bí akàn ńlá Caribbean láti máa jẹ ewé òkun, nítorí òòrẹ̀ òkun ẹlẹ́gùn-ún gígùn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ti kú rẹpẹtẹ láti 1983, àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù sì tún kú ní 2022 káàkiri Caribbean. Láìsí ohun tí ń jẹ ewé, kò sí ibi tí ọmọ iyùn á bà lé, bó ti wù kí a gbìn tó.

Ẹ má fi Florida wé Great Barrier Reef tí ẹ máa ń kà pé ó padà láàárín ọdún mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ẹlẹ́ka tó ń dàgbà kíákíá ló wà lọ́hùn-ún. Ní Caribbean, méjì pere ni, àrùn sì ti ń pa wọ́n láti ìparí àwọn ọdún 1970. Ní ọ̀pọ̀ òkìtì Keys, iyùn tó yè kò bo ìdá 5 nínú 100 ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹlẹ́ka á gba ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́, bí ooru bíi ti 2023 kò bá tún tètè dé. Onírìbìtì ńlá tó kú, kò sí ẹni tó wà láyé lónìí tí á rí i bó ṣe wà. Èyí tó yè ni kí ẹ fi hàn án. Tí ẹ bá rí star coral tó ga tó ọmọ náà fúnra rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni iyẹn ti ń dàgbà, ó sì gba 2023 kọjá.

Atukọ̀_Keys dáhùn:

Kí ẹ má gbàgbé: ẹ béèrè lọ́wọ́ ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀ bóyá ó ní àmì Blue Star. Ètò Florida Keys National Marine Sanctuary ni, fún àwọn tó ń kọ́ àlejò bí a ṣe ń tọ́jú iyùn kí wọ́n tó wọ omi. Ẹ gba ọkọ̀ àárọ̀, atẹ́gùn kì í tíì le nígbà yẹn. Bí inú bá máa ń rin ọmọ kan lórí omi, oògùn èébì ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọ ikùn ní wákàtí kan ṣáájú, kí ẹ sì bi dókítà ọmọ náà léèrè ìwọ̀n tó yẹ fún ọjọ́ orí rẹ̀.